Ta Ló Ń Pe Ọkọ Mi Lọ́sàn-án Gangan?

Ìyá mi àgbà kọ́ mi ní ohun kan nígbà tí orí mi ò tíì lè gbé garawa omi: bí o bá gbọ́ tí wọ́n pè ọ́, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ ẹ. Pa ẹnu rẹ dé. Yíjú wò ná. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, á wá bá ọ níwájú. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ni, á bá tirẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó bá jẹ́ ìpè àìrí, á tẹ̀lé ẹni tó pè é ni. Ọ̀sán gangan ló sì burú jù, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn tí ojú ò rí máa ń rìn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti gbọ́ ọ, mo gbé e dé Ọ̀tà nígbà tí mo tẹ̀lé ọkọ wá síbí, mo sì bá a níbí. Onílé wa tó jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀tà mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn mọ̀ ọ́n. Ta ni ò mọ̀ ọ́n?

Àdúgbò wa kò jìnnà sí Ìyànà Ìyẹsí, ẹ̀yìn ọgbà ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìṣó ló wà. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ wọn ti ń lù, tí ògiri ń gbọ̀n, tí omi inú ife ń mì. Àlejò tó bá wá kí wa á ní, "Báwo lẹ ṣe ń gbé níbí?" Àwa kì í gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ là ń gbọ́. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń pa á, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè jẹun, kí ẹni tó bá fẹ́ kírun lè kírun. Bí wọ́n bá ti pa á, gbogbo àdúgbò á pa lọ́lọ́. Àwọn ọkùnrin á gbé abọ́ oúnjẹ jáde, wọn á jókòó sí ibòji ògiri. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ ó kàn rí i tí ọ̀kan nínú wọn á gbé orí sókè, á máa wo ojú ọ̀nà tí kò sí ẹnikẹ́ni. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹlòmíràn á tún gbé orí sókè. Wọn ò ní bá ara wọn sọ nǹkan kan. Wọn á tún doríkodò, wọn á máa jẹun lọ.

Iwájú ògiri yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Irun ni mò ń dì, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ṣojú mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, orí mi á wú, n ó ní "A-úùsù bílàáhì", n ó sì máa bá ìyarun mi lọ. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yẹn tún ní tiwọn. Ẹni tó ń dirun, ẹ̀yìn orí èèyàn ló ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èmi ò sì lè dákẹ́. N ó bi oníbàárà léèrè ọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, kò ní dáhùn. Inú máa ń bí mi! Mo ní irú ìgbéraga wo rèé? Ìgbà tí mo gbé dígí síwájú wọn tí wọ́n ń rí ojú mi ni wọ́n tó ń fèsì. Mo wá sọ fún ara mi pé wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni, wọn ò rí mi, wọn ò jẹ́ mi. Àwọn àgbà ṣáà ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ọkọ mi ń bẹ níbi tí wọ́n ti ń di ìṣó sí páálí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó epo lọ sókè, tí gàrí àti ìrẹsì sá tẹ̀lé e, ó bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sídìí ẹ̀rọ, nítorí owó ibẹ̀ sàn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó di pé mo pè é, kò dáhùn. Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń pariwo "Bàbá àwọn ọmọ mi! Bàbá àwọn ọmọ mi!", ó jókòó ní pálọ̀, kò mira. Mo bá a jà. Mo ní ṣé ó ti ní ìyàwó sí Itele ni, kó sọ fún mi kí n mọ̀.

Ó ní, "Mi ò rí ọ, mi ò sì jẹ́ ọ. Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ni ò pa ẹnu rẹ̀ dé ní tirẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ẹ̀rọ dákẹ́, ó gbé orí sókè lábẹ́ ògiri, ó ní "Mà á!" lójú gbogbo wa. Kò sí obìnrin kankan tó pè é. Kò pẹ́ sígbà náà ni tírélà tó ń fẹ̀yìn rìn wọ ọgbà tẹ̀ ẹ́ pa lẹ́nu géètì. Awakọ̀ ń fọn fèrè, àwa ń pariwo, mo pariwo títí ohùn mi fi há, ó kàn dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ohun tí gbogbo wa sọ ni pé ẹni tó pè é ti mú un lọ kí tírélà tó dé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ wá wo bí ara mi ṣe máa rí ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ọkọ mi ń jẹun lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí òun náà dá ọwọ́ oúnjẹ dúró. Ó ní, "Ó tún ti ń pè mí."

Mo ní, "Ta ni?"

"Ìyá mi."

Ìyá rẹ̀ ti kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sin. Ó ní oríkì òun ló fi ń pe òun, èyí tí ẹnikẹ́ni ò fi pe òun mọ́ láti ìgbà tó ti kú, àti pé kò sí ọ̀sán kan tí kì í pè. Ìyarun bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ṣé o ti jẹ́ ẹ?" Ó ní rárá. Mo ní, "Má jẹ́ ẹ o! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!"

Ó ní, "Mi ò ní jẹ́ ẹ. Àmọ́ ó ti ń rẹ̀ mí. Ìyá tó bí mi ń pè mí, mò ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́. Mo ṣe sàárà. Mo lọ bá alùfáà kan ní Àtàn, ó ṣe omi àdúrà fún un, ó mu ún, ó fi wẹ̀. Ìpè ò dá. Bí ọ̀sán bá ti ń kan orí báyìí, n ó fi irun oníbàárà sílẹ̀, n ó lọ dúró níwájú ọkọ mi kí n máa wo ẹnu rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìfẹ́ ló ń pa mí. Ẹ̀rù ni. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àánú ìyá rẹ̀ á ṣe é, tí á dáhùn.

Ìgbà náà ni àwọn ará yunifásítì dé. Mẹ́ta ni wọ́n: dókítà etí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ nípa ọrọ̀ ajé, àti obìnrin kan tó ń wádìí bí tọkọtaya àti ará ilé ṣe ń bá ara wọn gbé. Wọ́n ní olúkúlùkù ti dá wá sí apá Sango yìí rí. Dókítà gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá, gbogbo èèyàn ní àwọn ń gbọ́ràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ń fara pa, wọ́n ń pàdánù iṣẹ́, kò rí ìdí. Obìnrin yẹn rí i pé àwọn ìyàwó ń bínú pé ọkọ wọn ò dá àwọn lóhùn mọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí síbẹ̀. Wọ́n wá ní kí àwọn para pọ̀. Mo ní ẹ ṣeun, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Onílé wa ló ní kí n máa mú wọn kiri, nítorí kò sí orí tí kì í gba ọwọ́ mi kọjá ládùúgbò. Ohun kan ṣoṣo ló mú mi gbà: kí wọ́n bá mi wá ẹni tó ń pe ọkọ mi rí.

A wọ ilé dé ilé. "Ṣé ẹ ń gbọ́ràn dáadáa?" "Àlùhámúdù, à ń gbọ́." Ibi tí dókítà ti wá fẹ́ bínú ni ọ̀rọ̀ rọ́bà kékeré tí ilé iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ láti máa fi dí etí. Gbogbo wọn ló gbà á, inú àpò ni gbogbo wọn kó o sí. Ó ní oríkunkun lásán ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní bóyá ó ń dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ ni. Wọ́n bi àwọn ọkùnrin náà, àwọn yẹn kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin yẹn sún mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ṣé a ṣẹ àwọn èèyàn yín ni? Bí mo bá kí wọn látẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń dáhùn."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí."

Ó dúró. Ó yíjú sí dókítà, dókítà náà ń wò mí. Ó ní, "Gbogbo wọn, mà?"

Mo ní, "Gbogbo ẹni tó bá lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Ọkùnrin kan jókòó lábẹ́ ògiri tó ń jẹ ẹ̀wà, dókítà rọra lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó kí i. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ṣa òkúta méjì nílẹ̀, ó lù wọ́n mọ́ra nítòsí etí rẹ̀, gbàà! Adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fò sókè. Ọkùnrin yẹn bu ẹ̀wà sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo fẹ́ ní ẹ̀kọ́ ilé ti èyí mà pọ̀ jù, mo bá gbé ojú sókè. Mo wo gbogbo àwọn tó jókòó lábẹ́ ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ọ̀kan tó yíjú sí ariwo òkúta. Adìẹ nìkan ló gbọ́. Oòrùn ń pa wá lórí, òtútù mú mi.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí tírélà pa fún wọn. Mo sọ bí a ṣe pariwo. Obìnrin yẹn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀.

Mo mú wọn lọ bá ọkọ mi, mo ní kó sọ tẹnu rẹ̀, kó má tijú. Dókítà jókòó síwájú rẹ̀ gan-an kó lè máa rí ẹnu rẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tí kì í fi rọ́bà yẹn dí etí. Ọkọ mi wò mí. Ó ní, "Bí mo bá dí i ni mo máa ń gbọ́ ọ ketekete. Gbogbo wa ni. Ẹni tó ń pe kálukú wa, inú etí yẹn ló ti ń pè wá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣàlàyé fún un bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ariwo ẹ̀rọ ti pa ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọlé nínú etí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò wọlé mọ́, etí ń dún fúnra rẹ̀, ọkàn èèyàn á sì fi ohùn ẹni tó ń wù ú láti gbọ́ sínú ariwo náà. Ó ní kò sí ẹni tó ń pè é. Wọ́n lọ bá àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́. Dókítà sọ ti etí. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní kí wọ́n máa pààrọ̀ èèyàn nídìí ẹ̀rọ láìdín owó ẹnikẹ́ni kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sẹ́ni tó máa gbà láti kúrò. Obìnrin yẹn ní kí awakọ̀ tírélà má gbára lé fèrè mọ́, kí wọ́n gbé iná tó ń tàn síwájú àwọn èèyàn, nítorí ohun tí wọ́n bá rí nìkan ni wọ́n máa jẹ́. Wọ́n ti gbé iná náà síbẹ̀. Tìyókù, àwọn àti àwọn ọ̀gá ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni.

Èmi foríbalẹ̀ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn, mo fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ọkọ mi ò ní kú! Mo se ìrẹsì, mo pa adìẹ. Òun ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ó ní òun ti yó.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀sán pọ́n, ẹ̀rọ dákẹ́. Mo di orí oníbàárà mú lọ́wọ́, mo ń wo ọ̀dọ̀ ọkọ mi láti òdìkejì ọ̀nà. Ó gbé orí sókè. Ó gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ẹnu, ó ní, "Mà á! Ìyá mi, mo wà níbí o!" Ó pariwo rẹ̀ gan-an. Àwọn tó jókòó tì í ò yíjú.

Mo sáré. Gbogbo ohun tí dókítà sọ ló yé mi, mo ṣì sáré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo di ojú rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Mo ní, "Kí ló dé? Kí ló ṣe ọ́?"

Ó ní, "Mo ti jẹ́ ẹ. Wọ́n ṣáà ní kò séwu."

Mo ní, "Kí ló wá sọ?"

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ mi. Ó ní, "Ó ṣì ń pè mí. Kò gbọ́ mi."