Irun Teokotai

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Mama Ngapoko, abẹ́ tábìlì ló wà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló jábọ́ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú Tokoroa, ní New Zealand, ó sì ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ títí òun yóò fi rí i. Gbogbo wa dúró bí ère, àti pásítọ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó jáde, ó gbé abẹ́rẹ́ náà sókè, ó ní, "Ó dáa, ẹ lè máa mí." Obìnrin tí ohun kékeré kì í sọ nù mọ́ lọ́wọ́ ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí.

Ọmọ erékùṣù Atiu ni. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Tokoroa láyé ìgbà tí ilé iṣẹ́ pákó ń gba èèyàn rẹpẹtẹ. Ọkọ náà ti kú tipẹ́. Metua, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń wa ọkọ̀ ńlá níbi ìwakùsà ní Australia. Ọmọ Metua, Teokotai, ló kù sílé pẹ̀lú ìyá àgbà.

Teokotai ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sísọ́ọ̀sì kò sì tí ì kan irun orí rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Lọ́dọ̀ àwọn ará Atiu, irun irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń gé e. Gbogbo ẹbí á péjọ, wọ́n á gbé ọmọ jókòó sórí àga tí wọ́n tẹ́ tivaevae lé, ìyẹn aṣọ ìbora olódòdó tí àwọn ìyá fi ọwọ́ rán, bàbá rẹ̀ á gé ìdì irun àkọ́kọ́, àwọn yòókù á sì máa gé tiwọn níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀bùn àti orin. Ọdọọdún ni Metua ń sọ lórí fóònù pé, "Ó di Kérésì." Kérésì á dé, iṣẹ́ kò ní jẹ́ kó wá.

Nítorí náà, Mama Ngapoko ló ń di irun náà láràárọ̀, ní ẹyọ kan gbọọrọ sí ẹ̀yìn, bí ọmọ náà ti ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ rọra! Ṣé ẹ fẹ́ fa orí mi já ni?"

"Ta ló ní kó o gbé orí bí àgbọn wáyé? Jókòó jẹ́ẹ́."

"Omidan ni wọ́n ń pè mí níléèwé."

"Sọ fún wọn pé omidan náà mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tivaevae tí Teokotai máa jókòó lé lọ́jọ́ náà ni àwọn ìyá ń rán: òdòdó pupa lórí aṣọ yẹ́lò. Àjákù aṣọ yẹ́lò náà ni Mama Ngapoko fi ń so ṣóńṣó irun Teokotai.

Ó tún kíyè sí i pé yàrá ọmọ náà ti ń ta sánsán. Ó ń rùn bíi máńgòrò, ó ń rùn bíi bàrà olómi pupa. Inú rẹ̀ dùn. Ó sọ fún Hansa, obìnrin Gujarati, ará Íńdíà, tó ni ṣọ́ọ̀bù ìkọ́rítà, pé, "Ọmọ mi ti ń dàgbà o. Ó ti ra ọṣẹ tuntun, ó ti ń wẹ̀ láìjẹ́ pé mo lé e."

Hansa ń to mílíìkì lọ́wọ́. Ó wò ó. Òun náà ń ta sìgá oníbátìrì olóòórùn èso tí àwọn èèyàn ń pè ní fépù, fún àgbàlagbà nìkan, nítorí búrẹ́dì àti mílíìkì kò lè gbé ṣọ́ọ̀bù ró mọ́. Ó mọ òórùn náà dáadáa.

"Màmá, ẹ bi í léèrè irú ọṣẹ tó jẹ́," ló sọ. Ó wá nawọ́ sábẹ́ káńtà, ó mú òwú pupa tó ń kó pa mọ́ fún àwọn ìyá jáde. "Mo ti ra sárì tí màá wọ̀ lọ́jọ́ irun yẹn o. Ẹ má gbàgbé mi."

"Èwo ni ká gbàgbé ẹ? Iwájú lo máa jókòó sí."

Mama Ngapoko kò bi ọmọ náà léèrè ohunkóhun.

Lóṣooṣù ni Sájẹ́ńtì Craddock, ọlọ́pàá àdúgbò, máa ń wá sí gbọ̀ngàn ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn ìyá bá ń ránṣọ, láti sọ bí àdúgbò ṣe ń lọ fún wọn. Lọ́jọ́ náà, bó ti wọlé, Mama Vaine tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ti gbé àwo oúnjẹ fún un.

"Sájẹ́ńtì, jẹun kó o tó máa dẹ́rù bà wá. Bí ẹ̀rù bá ti bà mí, oúnjẹ ni mo máa ń jẹ. Wò ó bí mo ṣe sanra. Ìwọ lo fà á."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ń dẹ́rù bà mí, Màmá," ni Sájẹ́ńtì wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kò jẹun. Ó ní àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́tàlá ń fa sìgá oníbátìrì báyìí. Ó ní bí wọn kò bá ti rí i rà mọ́, fèrèsé àwọn èèyàn ni wọ́n ń fọ́. Ó ní àwọn mẹ́ta já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Hansa ní Sátidé tó kọjá láti kó o, Hansa tó ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù sì sáré jáde bá wọn. Bí wọ́n ti ń sá, wọ́n fi ilẹ̀kùn gbá a, ọwọ́ rẹ̀ sì kán.

Ó wá lẹ àwòrán tí kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù yà mọ́ ògiri.

Àwọn mẹ́ta ni, pẹ̀lú ẹ̀wù onífìlà. Àwọn méjì wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kẹta dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ìdì irun gígùn kan sì yọ lábẹ́ fìlà ẹ̀wù rẹ̀. Àjákù aṣọ yẹ́lò wà ní ṣóńṣó irun náà.

"Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin," ni Sájẹ́ńtì wí. "A ò tíì mọ̀."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Aṣọ yẹ́lò náà wà lórí ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ti jókòó. Kò sí ẹnì kankan tó wo ojú Mama Ngapoko. Ohun tó fi mọ̀ pé gbogbo wọn ti rí i nìyẹn.

Sájẹ́ńtì ní, "Bí ọmọ náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, mi ò ní sáré gbé e lọ sílé ẹjọ́. A ó jókòó, òun, ẹbí rẹ̀ àti Hansa, a ó jọ sọ bó ṣe máa tún un ṣe. Hansa ti gbà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé èmi ni mo wá a rí, ọ̀rọ̀ náà á le."

Mama Ngapoko ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà tí Metua wà ní ọ̀dọ́, ọlọ́pàá mìíràn ló sọ ọ́, Mama Ngapoko fúnra rẹ̀ ló sì fa Metua lọ́wọ́ lọ sí àgọ́. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n padà jù ú sí. Láti ìgbà náà, Metua kì í pẹ́ nílé bó bá wá.

Nígbà tó délé, Teokotai ti wà nídìí tábìlì. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Màmá, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Má sọ ọ́."

"Ẹ gbọ́ ná. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Mi ò mọ̀ pé Àǹtí Hansa wà nínú ilé, mo búra. Mo fẹ́ lọ bá Sájẹ́ńtì. Ẹ bá mi lọ."

"Mo ní má sọ ọ́! Ohun tí mi ò bá gbọ́, wọn ò lè bi mí."

Ó fa àga kan sí àárín ilé ìdáná. Kò tẹ́ nǹkan kan lé e. Ó mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ tivaevae jáde, sísọ́ọ̀sì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà pàápàá.

"Màmá, Dádì ló yẹ kó kọ́kọ́ gé e."

"Dádì ẹ ò sí ńbí. Jókòó."

Ọmọ náà jókòó. Irun náà ki, sísọ́ọ̀sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó já. Teokotai di ẹ̀gbẹ́ àga mú ṣinṣin. Mama Ngapoko rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tí oòrùn kò tí ì pa rí. Ó dà bí ọrùn ọmọ ọwọ́. Ó dúró díẹ̀ pẹ̀lú irun náà lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ó rò pé bí àwọn kò bá lọ, àwọn èèyàn á fura. Bí wọ́n ti wọlé, orin fẹ́ dá. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Lójú Sájẹ́ńtì, ọmọ kan ló lọ gẹrun. Lójú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀, irun tí wọ́n gé láìpe ẹnikẹ́ni ti jẹ́wọ́, kò sí ohun tó kù láti sọ. Mama Vaine wo orí ọmọ náà, ó lanu, ó tún pa á dé. Ó kàn sún, ó fún wọn láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Hansa kanlẹ̀kùn. Wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun di ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì mú òwú yẹ́lò dání. Teokotai ló ṣílẹ̀kùn.

"Háà! Ta ló gé e? Ẹ ṣe é tán, ẹ ò pè mí? Èmi tí mo ti ra sárì…" Ọmọ náà ń wo ọwọ́ Hansa tó kán.

"Àǹtí…" ni Teokotai bẹ̀rẹ̀.

"Iná orí ló kó wá láti iléèwé," ni Mama Ngapoko yára sọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ló jẹ́ kí n gé e."

"Iná orí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Hansa gbé òwú náà sórí tábìlì. Ó dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. "Òwú yín rèé, Màmá. Mo rò pé ẹ máa fẹ́ rán an tán."

Nígbà tó lọ, ọmọ náà sọ pé, "Ó ń retí kí n sọ ọ́ ni. Ẹ jẹ́ n sáré bá a."

"Jókòó, Teokotai."

Hansa kò sọ fún ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà òtútù, ó ta ṣọ́ọ̀bù náà, ó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Hamilton, kò sì dágbére fún àwọn ìyá.

Teokotai kò bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ mọ́. Kò fi òórùn máńgòrò pa mọ́ mọ́ pẹ̀lú. Inú pálọ̀ ló ti ń fa fépù náà. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí wọ́n ń wo orí rẹ̀. Kò lọ sí iléèwé. Àwọn ọmọ méjì ọjọ́sí ni kì í bi í léèrè nǹkan kan, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ń lọ. Nígbà tí ọlọ́pàá máa mú òun àtàwọn méjì náà, inú ọkọ̀ tí wọ́n jí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Hansa sì jáde lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn.

Sájẹ́ńtì Craddock fúnra rẹ̀ ló wá sílé. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò mú un wá nígbà yẹn?"

Mama Ngapoko wo àga tó wà láàárín ilé ìdáná. "Ó fẹ́ wá," ló sọ. "Èmi ni mo ní kó jókòó."

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí síbẹ̀síbẹ̀. Metua bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń sunkún. Wọ́n tẹ́ àga kan fún Hansa, kò wá.

Ilé tí ìjọba ti ń ṣọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni Teokotai wà báyìí, ó jìnnà sí Tokoroa. Irun rẹ̀ ti ń hù, ó ti dé etí. Mama Ngapoko máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣì ń bá àwọn ìyá ránṣọ ní gbọ̀ngàn. Ó ti rán tivaevae yẹ́lò náà tán. Ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, irun náà sì wà láàárín rẹ̀.