Ojú Sójà

Sójà kò ṣe iṣẹ́ ológun rí láyé rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ń ṣọ́ géètì fún ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Egungun iwájú orí rẹ̀ yọ síta bí òrùlé tó gùn ju ògiri lọ, ẹyinjú rẹ̀ sì sápamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ fẹ̀, igun ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì kọrí sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bí i, agbẹ̀bí gbé e sókè, ó ní, "Ta ló ṣẹ èyí?" Ẹni tí kò lè pa eṣinṣin! Bí ajá bá gbó, ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ló ń sá sí. Bí wọ́n bá fẹ́ pa adìẹ, ará ilé kejì ni wọ́n ń bẹ̀.

Ojú yìí ló fún un níṣẹ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọṣẹ kò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ìwọ gan-an ni mò ń wá. Má rẹ́rìn-ín, má bá ẹnikẹ́ni tàkurọ̀sọ, ṣáà dúró síbẹ̀." Ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn tó máa ń pẹ́ dé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nídìí ìkòkò ọṣẹ, tó bá ti yọjú, wọn á dákẹ́, wọn á máa wò ó bí ẹni pé òun ni yóò dá ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ omi mímu lásán ló wá bù. Tí nǹkan bá sọnù, òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dá ọgbọ́n sí i. Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ tọrọ nǹkan, òun ni yóò ṣíwájú. Òun ló lọ gba yàrá tí wọ́n ń gbé. Onílé kò rí ọkọ rẹ̀ títí wọ́n fi ń kó ẹrù wọlé, ìgbà náà ni bàbá ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í nu òógùn. Ní ilé ìwé ọmọ wọn, lọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ á dúró sẹ́yìn. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, kẹ́nu wọn má baà dípẹtà."

Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín. "Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ta ló máa dúró gbọ́ wọn?"

Ikọ́ àti ibà ti ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tó ti ń ká aṣọ lórí okùn, àyà há mọ́ ọn. Ó ṣubú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbá etí àgbá omi, ó sì wú. Ọkọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ara ẹ̀gbọ́n mi kì í gbà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà tó wà lọ́mọge. Nínú ọkọ̀ yẹn ló ti di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ sọ fún wọn o. Kí wọ́n má fún mi ní pẹnisilíìnì. Ẹ sọ fún wọn."

Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n gbé e lé ibùsùn onítáyà, wọ́n tì í wọlé. Ọkọ rẹ̀ sáré tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì kan yíjú padà, ó rí ojú náà, ó sún sẹ́yìn.

"Ẹ dúró síta, sà."

"Abẹ́rẹ́ yẹn..."

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró síta!"

Ọkùnrin tí wọ́n ń sanwó fún pé kó má sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wá pèsì jẹ. Ó na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì náà, ìyẹn figbe ta. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn dé, wọ́n dì í mú. Ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ tó jáde, ó sì jáde ju bó ṣe yẹ lọ: "Ẹ má fún un! Mo ní ẹ má fún un!" Bó ṣe ń pariwo ni ọwọ́ wọn ń le sí i. Ó kúnlẹ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ gbé wọn lẹ́sẹ̀ ni. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n sì ti géètì.

Ibẹ̀ ni mo bá a, tó rọ̀ mọ́ irin. "Àbúrò, pẹnisilíìnì. Sáré."

Mo sáré. Ojú tèmi rí roboto bíi ti ọmọdé. Gbogbo ayé ló ń pè mí lọ́mọ dáadáa kí wọ́n tó mọ ìwà mi, ìwà mi kò sì dáa tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ṣílẹ̀kùn fún mi láìbéèrè ohunkóhun. Dókítà dúró fún mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́tí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì sáré wọlé. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n ti fún un.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa?" ni dókítà bi mí nígbà tó jáde.

Mo bú u. Gbogbo èébú tó wà nínú mi ni mo bú u, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ di òní. Nọ́ọ̀sì ọ̀hún ló ń sunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tó wú yẹn... a rò pé ọkọ wọn ló lù wọ́n ni."

Wọ́n ti wá ṣí géètì fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó wà lẹ́yìn mi, ó gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo gbé oúnjẹ lọ fún un láàárọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ kọrí sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ kú, kò sì sí ẹnì kan tó dúró kí i kú àráfẹ́rakù. Obìnrin kan ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Rọra kọjá o, inú ṣì ń bí Sójà." Ó dùn mí gan-an.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ rí mi, ó jáde wá. "Ẹ má dààmú lórí ẹ̀," ló wí. "Kò sẹ́ni tó pẹ́ dé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí. Iṣẹ́ ọ̀hún tún wá mọ́ ọn lọ́wọ́ sí i ni."