Ilé Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Mo Fi Hàn Án ní Ifẹ̀

Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pé ẹni tí yóò jẹ́rìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun jẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mí. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí ní ìhà baba àti ní ìhà ìyá. Baba mi ni ó máa ń ka Bíbélì nínú ìjọ wa. Baba tirẹ̀ sì jẹ́ àgbẹ̀ ọlọ́pẹ ní Ìjù-Odò. Orúkọ wọn kò yẹ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, nítorí náà n kò ní í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, títí kan tèmi.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Òkìtìpupa ní ìtàn Ilé-Ifẹ̀. Inú ìwé kíkà ni mo ti mọ̀ ọ́n: Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ààfin, àwọn orí idẹ, àti yunifásítì tí wọ́n kọ́ sáàárín àwọn òkè. Mo máa ń ya Ọ̀pá náà sójú pátákó, n óò sì to àwọn ìṣó ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kejì iṣẹ́ mi, ọmọbìnrin kan bi mí bóyá mo ti fi ojú ara mi rí i. Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò dé Ifẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn orí yẹn tàn kálẹ̀, gbogbo ará Òkìtìpupa sì gbà pé mo mọ Ifẹ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀. N kò já wọn ní koro.

Ní ọdún 1997, ọdún kan lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa pinnu láti lọ wo Ifẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ẹni tí yóò ṣíwájú.

Ìyá àgbà kan wà nínú wa, ará Erinje, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́. Yunifásítì ní Ifẹ̀ ni ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà nígbà tí àìsàn pa á ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀yìn ilé. Ìyá náà kò fi ojú kan ibi tí ọmọ rẹ̀ gbé. Ó wá sí ilé mi ṣáájú ìrìn-àjò náà, ó ní òun fẹ́ bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ wálé, kí òun dà á sórí ibojì.

"Tíṣà," ni ó wí, "kì í ṣe torí ọ̀pá kankan ni mo ṣe ń lọ sí Ifẹ̀. Ilé tí ọma mi ń sùn ni kí o fi hàn mí."

Ọma ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ọmọ. Ó dárúkọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fún mi. Mo ní mo mọ ibẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí a dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ifẹ̀, ìwé kíkà gbà mí. Baba kan tí ó máa ń fi ibẹ̀ han àlejò fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, mo sì dá a dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ní, "Kí baba yìí lọ jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ri ọ̀pá yìí mọ́lẹ̀, Tíṣà wa ni ó bá wọn dì í mú." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n ìwé kíkà kò sọ fún mi bí yunifásítì ti tóbi tó. Ọ̀nà gùn láti ẹnu géètì wọlé, ilé sì pọ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Ǹ bá bi ọlọ́dẹ ẹnu géètì, bí kì í bá ṣe pé ojú àwọn obìnrin wà lára mi. Mo sọ fún awakọ̀ pé kí ó yà sí ọ̀tún, lẹ́yìn náà sí òsì. Mo nawọ́ sí ilé gígùn kan tí òdòdó wà níwájú rẹ̀.

"Òun nìyí, Ìyá."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyẹ̀pẹ̀ sínú aṣọ ìnujú. Ọmọbìnrin kan ru omi kọjá, ó kí mi. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní ilé àwọn obìnrin ni èyí. Èyí tí mo dárúkọ wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún, kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà lọ dúró ti Ìyá títí ó fi di aṣọ náà ní kókó. Mo sì ràn án lọ́wọ́ wọ ọkọ̀.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n ka ìròyìn ìrìn-àjò náà fún ìjọ. Mo kà á pé Ìyá rí ilé tí ọmọ rẹ̀ gbé. Ó jókòó ní ìlà kejì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì ṣe àmín bí gbogbo ènìyàn ti ṣe é.

Oṣù méjì ni mo fi gbé e mọ́ra kí n tó lọ bá a ní Erinje. Ẹ̀gẹ́ ni ó ń bó. Mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo, títí dé orí ìdáhùn orí tí mo fún ọmọbìnrin kíláàsì mi ọjọ́sí. Kò dá ọ̀bẹ dúró.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Gbogbo ẹni tí ó ń wọlé tí ó ń jáde níbẹ̀, obìnrin ni. Ọma mi kì í ṣe obìnrin."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀.

"Ìwọ tí o ń gbéra ga bí àkùkọ níwájú wa? Ìtìjú ì bá pa ọ́. Mo da iyẹ̀pẹ̀ náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀." Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Ṣé wàá mú mi padà lọ?"

Mo ṣèlérí fún un. Ọ̀wọ́n epo ọkọ̀ dé, mo sì fi epo ṣe àwáwí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí mo bá mú un padà, àwọn obìnrin ìjọ yóò bèèrè ohun tí a tún ń wá lọ, èmi tí mo ti ka ìròyìn.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo bá a níwájú ilé rẹ̀ ní Erinje. Ara rẹ̀ kò le mọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Tíṣà, ṣé epo ti wà?"

Epo ti wà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ̀ ilé wa kún fún epo. Mo ní ìlà ṣì gùn ní ilé epo. Ó ní kò burú, ó sì ní kí n kí àwọn ará ilé.

N kò rí i láàyè mọ́ lẹ́yìn náà. Ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ìpàdé wa yẹn, ní ọdún 1998.