Ọtí Kan Náà, ní Àpápá àti ní Ajégúnlẹ̀

Ọdún méjìlá ni Ọládòṣù fi ṣe kúùkù fún àwọn òyìnbó ní Àpápá, kò sì sí ọ̀gá kan tó lè sọ pé òun ká ṣúgà ẹyọ kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Láràárọ̀ ni yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò ní Ajégúnlẹ̀, yóò gba Wharf Road kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀ nínú ọ̀rá kí eruku má baà bà á. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀, tó bá ọkọ wá láti apá Ìlá, ní ìkòkò mẹ́ta lẹ́yìn ilé tó fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté. Àgbàdo tó hù ni, tí wọ́n sá, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sè. Ọtí yẹn ló rán Ọládòṣù níwèé dé Sítáńdáàdì Síìsì. Nítorí náà, kí ó tó mọ òórùn búrẹ́dì ló ti mọ òórùn ọtí tó ń hó.

Ní ọdún 1972, ọ̀gá rẹ̀ kẹta dé. Martins ni orúkọ rẹ̀, ẹnjiníà òyìnbó tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun ṣe. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a wá. Ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ ni kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọntí. Ọkọ̀ òkun ló ń kó agolo rẹ̀ wá fún un láti ìlú wọn. Ohun tó wà nínú agolo náà dúdú, ó ki bí oyin, oje ọkà bálì tí wọ́n ti sè pẹ̀lú ewé kíkorò ni. Ìwúkàrà wà nínú ọ̀rá kékeré lábẹ́ ìdérí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó ń sọ bí èèyàn yóò ṣe ṣe é. Martins á da gbogbo rẹ̀ sínú ike funfun ńlá kan, á da omi gbígbóná àti ṣúgà sí i, á dé e, á máa retí. Ó ní bíà tí wọ́n ń tà ní ìgboro kò yàtọ̀ sí omi. Èyí tí òun ń wá ni èyí tí gíláàsì méjì rẹ̀ yóò da àgbà ọkùnrin dùbúlẹ̀.

Èyí tó kọ́kọ́ pọn kan bí ọtí kíkan. Èkejì ń rùn. Ẹ̀kẹta dára lójú, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó tò ó sí sítọ́ọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ìgò náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí ìbọn. Ọjọ́ méjì ni Ọládòṣù fi ṣa àfọ́kù, ọ̀kan sì ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Martins wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Dósù," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó gé orúkọ rẹ̀ kúrú láti ọjọ́ àkọ́kọ́, "ṣé o kò máa ń ṣí ike yìí mu nígbà tí mi ò sí ńlé?"

Ọládòṣù fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tu itọ́ funfun jáde. "Rárá, sà. Ooru ló ń bà á jẹ́. Ìlú olótùútù ni wọ́n kọ ìwé yẹn fún."

"Kí ni ìwọ mọ̀ nípa bíà?"

"Ìyá mi ń pọntí, sà."

Martins rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí Pọ́táákọ́ fún oṣù kan ààbọ̀, ó ní kí Ọládòṣù lo agolo méjì, kí ó wo ohun tí yóò rí.

Ọládòṣù gbé ike náà lọ sínú bááfù àtijọ́ tó wà ní ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Ó pọn omi sí bááfù náà dé ìdajì, ó fi àpò ìdọ̀họ tútù wé ike náà yíká, ó ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn ọ̀sà lè máa fẹ́ sí i. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ló ń pààrọ̀ omi náà. Ní ti ṣúgà tó ń mú ọtí le, kò dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà gẹ́gẹ́ bí Martins ṣe máa ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ìwúkàrà dà bí ẹni tó gbààwẹ̀: bí o bá ki òkèlè ńlá bọ̀ ọ́ lẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò fún un lọ́rùn. Ọ̀nà mẹ́rin ló pín ṣúgà náà sí, ó ń fi í sí i díẹ̀díẹ̀. Kò sì rọ ọ́ sínú ìgò títí ó fi gbé etí sí ike náà fún ọjọ́ mẹ́ta tí kò gbọ́ híhó kankan mọ́.

Nígbà tí Martins dé, ó mu gíláàsì kìíní. Ó mu èkejì. Ó sùn lórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ Ọládòṣù ni ọtí yẹn. Martins kàn ń gbé agolo lé e lọ́wọ́ ni. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá mu ún, àwọn ọ̀gá ńláńlá dúdú náà ń wá, títí kan àwọn tó ń wọ aṣọ ìjọba. Kò sí ẹni tó béèrè ìwé àṣẹ.

Ní ọdún 1974, àwọn òyìnbó tó ń pọntí nílé ṣe ìdíje láàárín ara wọn ní ẹ̀bá omi, nítòsí Marine Beach. Ọládòṣù ló gbé ìgò lọ, òun náà ló gbé àwo gíláàsì dúró lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ọtí Martins ló gbégbá orókè. Wọ́n fún un ní ife fàdákà. Ọ̀kan nínú wọn wá bi í pé ọgbọ́n wo ló dá.

"Sùúrù ni," Martins dá a lóhùn. "Èmi fúnra mi ni mo ń jókòó tì í. Irú nǹkan báyìí, èèyàn kì í fi í lé ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́."

Ọládòṣù gbọ́ èdè òyìnbó bí ẹni gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ó gbé àwo náà yí wọn ká. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ìyàwó rẹ̀, Àdùfẹ́, ọmọ ilé ìmàle tí kò fi ẹnu kan ọtí rí láyé, ló fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan, Bàbá Fọláyọ̀?"

"Kí ni kí n sọ? Kí n ní irọ́ lọ̀gá mi ń pa, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?"

"Bó bá jẹ́ pé ọtí náà kan ni," Àdùfẹ́ sọ, "orúkọ yín ni ìbá dá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dúró sí Ọládòṣù lọ́kàn bí eegun ẹja tó há sí ọ̀fun.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì dí ojú omi Èkó pa, tí ẹrù mìíràn kò ríbi sọ̀. Bíà wọ́n bí ojú. Ọdún yẹn gan-an ni Fọláyọ̀, ọmọ Ọládòṣù kan ṣoṣo, rí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì wọ̀. Nínú ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń gbé, kò tíì sí ọmọ tó dé ibẹ̀ rí. Gbogbo ará ilé ló sì bá wọn tọ́ ọ. Nígbà tí ibà fẹ́ mú un lọ ní kékeré, Ebikabowei, ará Ìjọ́ tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn, ló gbé e kọ́ èjìká dé ọsibítù. Ọládòṣù fẹ́ ṣe wọ́n lálejò. Ó tọrọ agolo méjì lọ́wọ́ Martins. Martins wá méjì tó ti tẹ̀, tó ti ń dípẹtà létí, ó jù wọ́n sí i.

"Máa kó wọn lọ, Dósù. Ẹ lọ gbádùn ara yín."

Ọládòṣù ra ike kan bí ti Àpápá, ó pọn ọtí náà ní igun yàrá rẹ̀, pẹ̀lú àpò tútù àti agbada omi. Ìgò mọ́kànlélógójì ló rí. Ní ọjọ́ Sunday tí wọ́n fẹ́ mu ún, bí àwọn ará ilé ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́púrà ọlọ́pàá kan àti méjì lẹ́yìn rẹ̀ já wọ àgbàlá. Ẹnìkan ti lọ sọ fún wọn pé wọ́n ń se ògógóró nínú ilé yẹn.

"Ta ló ni ògógóró yìí?"

"Ọ̀gá, kì í ṣe ògógóró," Ọládòṣù dáhùn. "Bíà ni. Èmi ni mo pọn ọ́n."

"Bíà? Ilé-iṣẹ́ bíà ni yàrá yìí?"

Ebikabowei jáde síta, ó da ọwọ́ bo àyà. "Oga, my people dey cook ogogoro. I sabi am. Where the fire? Where the drum? Where the pipe? This one no be am."

Kọ́púrà náà kò wo apá ibi tó wà. Wọ́n kó ìgò mọ́kànlélógójì, wọ́n gbé ike, wọ́n gbé Ọládòṣù. Fọláyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ tuntun tí wọ́n rán fún un, ó ń wo bàbá rẹ̀ tí wọ́n ń tì sẹ́yìn ọkọ̀ bí olè.

Ní àárọ̀ Monday, Àdùfẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé Àpápá. Martins jáde sí i ní fàràńdà, kò ní kí ó jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Àdùfẹ́ wí, "ẹ kàn wá sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ fún un ní agolo yẹn, àti pé bíà ni. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Martins wo ojú ọ̀nà. Ó ní oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ tún ìwé ìgbélùú òun ṣe, òun kò fẹ́ kí orúkọ òun wọ ìwé ọlọ́pàá. Ó tún wá fi kún un pé òun kò rántí pé òun fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Àdùfẹ́ gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sọ bó ṣe rí. Ọládòṣù ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Kò rántí," Ọládòṣù sọ. Ó gbé abọ́ oúnjẹ náà sílẹ̀. "Mo ń pààrọ̀ omi ike rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọdún mẹ́ta, kò rántí." Àdùfẹ́ sọ lẹ́yìn náà pé láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ẹ, òun kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ní Thursday, wọ́n gbé e dé kóòtù. Wọ́n ní ó pọn ọtí líle láìgbàṣẹ, ó sì fẹ́ tà á. Adájọ́, obìnrin kan tó ti ń dàgbà, ní kí wọ́n gbé ọtí náà wá kí òun rí i. Kọ́púrà gbé ike wá, ó to ìgò mọ́kànlélógójì sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ṣófo.

"Ọtí inú wọn dà?" adájọ́ bi í.

"Ooru ló fà á gbẹ, Olúwa mi."

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ọládòṣù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

"Olúwa mi, wọ́n ti mu ún. Wọ́n mu ún nítorí wọ́n mọ̀ pé bíà ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pọn ọtí yìí ní Àpápá. Àwọn ẹni ńlá ìjọba ń wá mu ún, wọ́n ń bọ ọ̀gá mi òyìnbó lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní ife fàdákà. Ọwọ́ mi yìí náà ni. Irú agolo kan náà ni, irú ike kan náà ni. Ohun tó ń jẹ́ fàájì ní Àpápá, ìgbà tí mo gbé e sọdá wá sí Ajégúnlẹ̀ ló di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n, Olúwa mi, ibo lójú ọ̀nà gan-an ló ti yí padà?"

Adájọ́ kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀, ó ní kò sí ẹ̀rí níwájú òun, kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ. Lẹ́yìn náà ló kìlọ̀ fún Ọládòṣù pé kí ó má pọn irú rẹ̀ mọ́ láìkọ́kọ́ béèrè ohun tí òfin wí. Ìkìlọ̀ yẹn dun Ọládòṣù ju ọjọ́ mẹ́rin tó lò ní àtìmọ́lé lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àpápá. Martins pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Dósù, o ṣeun tí o dé. Ike yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Lọ wò ó."

Ọládòṣù kó aṣọ iṣẹ́ méjèèjì tó ti fọ̀, tó ti lọ̀, jáde nínú ọ̀rá, ó kó wọn lé orí tábìlì. "Ọládòṣù ni wọ́n sọ mí, sà."

Martins ní òun yóò fi kún owó oṣù rẹ̀. Ó ní kí ó má bínú, pé bí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ṣe máa ń rí nìyẹn.

"Ìyàwó mi dúró níwájú yín," Ọládòṣù sọ, "ẹ kò fún un ní àga." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ojú pọ́n wọn fún bí ọdún kan. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Fọláyọ̀ dúró ní ilé-ìwé, àfi ìgbà tí àwọn ará ilé dáwó. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut, Ọládòṣù àti Àdùfẹ́ kan búkà kan síbẹ̀, wọ́n ń se ẹ̀wà àti ìrẹsì fún àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì. Oúnjẹ rẹ̀ tà. Fọláyọ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1978, ó ń ṣiṣẹ́. Ọládòṣù kò pọntí mọ́. Àwọn kan rò pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń bà á, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ òórùn ìwúkàrà, inú ló máa ń bí i, ọwọ́ rẹ̀ á sì kọ iṣẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, awakọ̀ kan tó ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu Ebikabowei fẹ́ tù ú nínú. "Bàbá, ẹ dúpẹ́ pé wọ́n fi yín sílẹ̀. Àwọn mìíràn ṣẹ̀wọ̀n."

Ọládòṣù dúró pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. "Ta ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" ó bi í. "Ṣé ẹni tó ní òun kò rántí pé òun fún mi ní agolo ni, tàbí ẹni tó mu ún tán kó tó gbé ìgò lọ sí kóòtù?"

Ọládòṣù bu ẹ̀wà fún awakọ̀ náà, ó da epo sí i, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì yíjú sí ẹni tó kàn.