Ẹja Mi Ń Yọ́, Wọ́n Ń Gbàdúrà fún Ọmọ Ìka Ẹsẹ̀

Ọjọ́ tí tiransifọ́mà àdúgbò wa ní Pápá Àjàó bú gbàù, páálí ẹja mọ́kànlá ló wà nínú fíríísà mi: títúsì mẹ́fà, ṣáwá mẹ́ta, pánlá méjì. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń ta ẹja yìnyín, ojú mi sì ti rí oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọjọ́ tí gbogbo nǹkan fìmọ̀ ṣọ̀kan láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Jẹnẹrétọ̀ mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Fóònù mi ńkọ́? Ọlọ́kadà kan ti já a gbà lọ́wọ́ mi ní Ojúwọyè lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo ń fi ohùn ránṣẹ́ lọ́wọ́, mo ń bú oníbàárà kan tó ní ẹja mi kéré, kí n tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni mo ń bú.

Àlàájà tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ata ní sùúrù, iṣu ní sùúrù, ẹja nìkan ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró deni. Tí iná bá lọ, tí fíríísà kún dáadáa, tí o ò sì ṣí i wò ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun, ó lè mú ẹ dé ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, omi á máa jò, ojú ẹja á wọnú. Oníbàárà Mushin tiwa níbí ò ní bi ẹ́ ní ìbéèrè kankan. Àtàǹpàkò ló máa fi tẹ ẹja náà. Tí ibi tó tẹ̀ bá kòtò tí kò padà sípò, á wò ẹ́ bíi pé ìwọ lo pa bàbá ẹ̀, á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi ti ń jò lábẹ́ fíríísà mi. Mo sáré lọ sí kóòdúrúùmù méjì tó wà nítòsí, ìyẹn yàrá yìnyín ńlá tí wọ́n ń bá èèyàn kó ẹja sí. Gbogbo ẹlẹ́ja àdúgbò ti ṣáájú mi débẹ̀, ẹja ti kún dé àjà. Ó wá ku gúrúùpù Wasáàpù wa, àwa ẹlẹ́ja yìnyín. A lé ní igba níbẹ̀, àwọn tí mo fojú rí nínú wọn ò sì ju méjìlá lọ. Àwọn yòókù, ohùn ni mo mọ̀ wọ́n sí. Ibẹ̀ la ti ń mọ ibi tó láàyè àti ibi tọ́kọ̀ ẹja já sí.

Kí n má purọ́, èmi Ìyá Múfú ni mo ń bú èèyàn jù níbẹ̀. Mi ò kì í tẹ ọ̀rọ̀, ìwé tí mo kà ò gbé mi débẹ̀. Ohùn ni mo ń fi ránṣẹ́, kí n sì tó dákẹ́, ara ẹnì kan á ti máa gbóná. Èmi náà ni mo dá a lábàá pé nọ́ńbà tá ò mọ̀ tó bá wọlé tó ń sunkún, gbájúẹ̀ ni, ká lé e bí adìyẹ.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ lórí ni tèmi, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ olè. Mo bá lọ bá àbúrò mi Rọ̀fíátù, tí yàrá ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo ti fi líǹkì gúrúùpù náà ránṣẹ́ sí i rí, ló bá fi wọlé. Àwòrán tó wà lórí Wasáàpù ẹ̀ ni ológbò tó wọ dígí ojú. Rọ̀fíátù kàwé, ó sì ní ìwà, òun ló bá mi tẹ̀ ẹ́: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ dákun, ẹja mi ti ń yọ́, kò síná ní Pápá Àjàó. Ta ló mọ ibi tí mo lè kó o sí?”

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. A rí i pé wọ́n ń kà á. Ohun tó ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀ ni pé Ìyá Rìsì ará Èbúté Mẹ́ta fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ ẹsẹ̀ fíríísà. Àdúrà ń rọ̀ bí òjò! Ẹnì kan ní kó fi òrí ra á. Ẹnì kan ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tàbí tòsì. Ọkùnrin kan tí mi ò rí rí láyé mi ka àdúrà Lárúbáwá tó gùn ju ìwàásù Jímọ̀ lọ. Mo ń fìka sún un sókè sódò, mo ń wá èsì tèmi, ìka ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń bá pàdé.

Mo ní kí Rọ̀fíátù sọ fún wọn pé èmi Ìyá Múfú ni. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún fi “ẹ dákun” síwá, ó fi sẹ́yìn. Alága wa tó ní kóòdúrúùmù ní Ìlúpéjú dáhùn lójú ẹsẹ̀: “Ẹ ṣọ́ra o! Gbájúẹ̀ ti wọlé. Ìyá Múfú tá a mọ̀ kì í kí èèyàn.”

Ìyá Rìsì náà fèsì látorí ìbùsùn àìsàn: “Ẹ wo ojú ológbò ẹ̀! Ẹ lé e jàre.”

Mo gba fóònù lọ́wọ́ Rọ̀fíátù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wọn o, ìrànlọ́wọ́ là ń tọrọ.” Mo ti tẹ bọ́tìnnì ohùn.

“Ìyá Rìsì! Ìwọ olójú pánlá yìí! Ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ ti gbàdúrà sí i débi pé ìka náà á ti máa rò pé òun ni lèmọ́mù. Ẹja mi ń yọ́! Ìwọ Alága, orí ẹ tutù bíi kóòdúrúùmù ẹ, kò sì sí nǹkan kan nínú àwọn méjèèjì. Ta lò ń pè ní gbájúẹ̀?”

Kí n tó mí, gúrúùpù ti gbóná. “Yéè! Ìyá Múfú ni!” “Ẹ gbọ́ olójú pánlá!” Ẹ̀rín, ẹ̀rín, ẹ̀rín. Alága pè mí fúnra ẹ̀.

“Ìyá Múfú, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀ wá? Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Àyè wà lọ́dọ̀ mi, kẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀.”

Kẹ̀kẹ́ méjì ló wá kó o. Kí wọ́n tó dé, Ìyá Rìsì ti gun ọ̀kadà yọ sí mi pẹ̀lú àpò yìnyín, ó ń tiro, ó ti fi aṣọ di ìka ẹ̀ bí ọmọ ìkókó. “Ìka ta ni lèmọ́mù?” ló fi kí mi. A jọ da yìnyín sórí ẹja, a ń bú ara wa. Páálí mọ́kànlá, mi ò pàdánù ìrù kan.

Nírọ̀lẹ́, mo gba fóònù Rọ̀fíátù padà pé kí n tún gbọ́ èébú mi, torí ó dùn mọ́ mi. Mò ń fìka sún un sókè ni mo kan ọ̀rọ̀ kan láàárín àdúrà ìka ẹsẹ̀, mo sì ní kí Rọ̀fíátù kà á sókè. Nọ́ńbà tí kò lórúkọ, kò ní àwòrán: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ìdí-Òrò ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe àga. Fíríísà mi dákẹ́ láti àná. Páálí mẹ́ta ni, ẹja tí mo kọ́kọ́ rà láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò nìyẹn.” Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Èmi gan-an ti kọjá lórí ẹ̀ bí ìgbà méje láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí mò ń wá èsì tèmi.

Inú mi ò dùn. Ẹ máà rò pé mo fẹ́ ṣe wòlíì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹja tèmi ò sunkún ju tiẹ̀ lọ. Ohùn mi ni wọ́n gbà là. Wọ́n ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó ti bú gbogbo wọn, ó ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí ọjà kò tà. Onítọ̀hún ò bú ẹnì kankan rí, ta ló máa mọ̀ ọ́n? Mo pè é.

“Hẹ̀lóò? Ta nìyẹn?”

“Èmi ni Ìyá Múfú, ti gúrúùpù ẹlẹ́ja.”

“Ìyá Múfú wo?”

“Ṣé o ò gbọ́ ni? Ta ni ò mọ Ìyá Múfú?”

“Èmi, mà.” Ó pa fóònù. Mo tún pè é, kò gbé e mọ́. Rọ̀fíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wọ bàtà, mo lọ sí Ìdí-Òrò. Mi ò tiẹ̀ béèrè púpọ̀, imú ni mo tẹ̀ lé. Ọmọbìnrin kan tó dúdú ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ àgbá tó gbé wáyà lé, èéfín ti bò ó lójú. Páálí kan ti wà nínú gọ́tà, eṣinṣin ti jogún ẹ̀. Méjì tó kù ló ń gbìyànjú àtiyan kí wọ́n má baà lọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ ẹja náà sílẹ̀ gbọọrọ bí òkú, iná sì ń ṣe ojo lábẹ́ ẹ̀. Ẹja tí wọ́n bá yan báyẹn, tó bá ti débi tí wọ́n á fi yí i, fífọ́ ló máa fọ́.

“Ẹ káàárọ̀ mà,” ló wí, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ fọ́ọ́. “Ẹ̀ ń ra ẹja yíyan? Kò tíì jinná o.”

“Mo rí i. Ta ló kọ́ ẹ láti tẹ́ ẹja gbọọrọ? Ńṣe là ń ká a. Fi ìrù ẹ̀ sí i lẹ́nu, kó o fi igi tín-ín-rín gún un mọ́ ọn. Kò ní fọ́ mọ́.”

Mo mú ọ̀kan, mo ká a fún un. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé èéfín kúrò.

“Ẹ má bínú, mà. Ṣé a mọra rí ni?”

“Rárá,” mo ní. “A ò mọra rí. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jàre, jẹ́ n fẹ́ná yìí.”