Ṣéènì Tó Ń Kéde Ọkọ Mi

Nígbà tí owó epo ń rìn kiri ìlú, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò ra nǹkan. Ọkọ mi ra méjì: ẹ̀rọ àwo orin oníbátìrì, torí iná mànàmáná ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ní Ẹgbẹ́dá, àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí àwọn ẹlòmíì ti lò gbó kó tó kàn án. Ó fòfin de ẹ̀rọ orin yẹn: kò gbọdọ̀ dún bí òun ò bá sí nílé. Ó ní àwa obìnrin á ba abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ọkọ̀ ní tirẹ̀ kì í dákẹ́. Ṣéènì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, òun ló ń mú kí gbogbo ohun tó ń yí níbẹ̀ jọ máa yí lásìkò kan náà. Ṣéènì ọ̀hún ti dẹ̀. Bí ọkọ mi bá ti yà kúrò ní títì báyìí, inú yàrá la ti ń gbọ́ ọ: ṣàkàṣàkà, ṣàkàṣàkà, bí ẹni ń sáré pẹ̀lú agolo ìṣó lápò.

Ẹ ò lè mọ bí ariwo yẹn ṣe wúlò fún wa tó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi, ìyàwó awakọ̀ tó ń gbé yàrá kejì, àti ìyá kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó gbé àwo sórí ẹ̀rọ orin, a ó jó títí òógùn á fi bò wá. Bí ṣéènì bá ti dún lókèèrè, ìyá á ní, "Ó ti dé o!" Kí ọkọ̀ tó dúró, àwo ti wọ páálí, èmi ti wà nídìí ààrò, ojú mi á sì dà bí ojú ẹni tó ń gbààwẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ mi ní ariwo yẹn ti sú òun, wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ́fíìsì. Mẹkáníìkì kan ní Ìkòtún ti ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń fún ṣéènì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó nawọ́ sí nọ́ọ̀tì kan níwájú ẹ́ńjìnnì.

"Ìyàwó, wá bá mi di sípánà yìí mú. Èmi á máa yí ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Bí mo bá ní kí o fún un, fún un. Tó bá ti le lọ́wọ́ rẹ, dá a padà díẹ̀. Kò gbọdọ̀ le jù, kó má baà já."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí.

"Fún un!"

Mo fún un. Ó le lọ́wọ́ mi lóòótọ́.

"Dá a padà díẹ̀!"

Mo dá a padà. Mo tún dá a padà. Mo rántí àwo tuntun tí ìyàwó awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá wá, mo bá tún dá a padà sí i.

"Ṣó ti tó?"

"Ó ti tó dáadáa."

Nígbà tó ṣíná ọkọ̀, ariwo náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí. Mo mi orí tìkáàánú-tìkáàánú. "Ọkọ̀ yìí ló ti gbó, jàre." Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fi etí ìró bo ẹnu.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ariwo rẹ̀. Ọkàn wa balẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a gbé àwo sórí ẹ̀rọ, mo wọ agbádá ọkọ mi, mo dé fìlà rẹ̀, mo ń yan káàkiri yàrá bíi tirẹ̀. "Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò sí lọ́jà!" Ìyàwó awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Lójijì, ẹ̀rín dá. Mo rò pé n ò ṣe é dáadáa tó ni, mo bá gbóhùn sókè: "Ṣé ẹ mọye bátìrì tó ń jẹ?" Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣẹ́jú sí mi. Mo ṣe bí nǹkan ló kó sí i lójú. Mo yíjú padà.

Ọkọ mi ló fara ti ojú fèrèsé. N ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

"Ẹ... ẹ káàbọ̀, sà."

Ìyá rántí pé òun gbé nǹkan kaná. Ìyàwó awakọ̀ ò tiẹ̀ wá àwáwí kankan, ó fò mí kọjá.

Ọkọ mi wọlé. "Mo yà sí Ìkòtún," ó ní. "Mẹkáníìkì ti bá mi fún ṣéènì. Ó ní ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ dẹ nọ́ọ̀tì yẹn, pé díẹ̀ ló kù kí gbogbo ẹ́ńjìnnì bàjẹ́."

"Mi ò mọ̀ pé ó lè bà á jẹ́ o! Mo rò pé ariwo lásán ni." Mo kúnlẹ̀, agbádá gbé mi mì.

Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí orí mi. Mo dijú.

"Èmi kì í gẹ fìlà sápá ọ̀tún," ó ní, ó sì yí i sí òsì. "Èmi kì í sì í rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó, ó ní kí n tún àwo náà gbé sórí ẹ̀rọ, kí n rin ìrìn yẹn fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, òfin ti kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin. Á jókòó sáàárín wa, á fi áńkáṣíìfù nu àwo kọ̀ọ̀kan, á ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń jó o. Ká sòótọ́, kò dùn mọ́. Kò pẹ́ tí ìyàwó awakọ̀ fi wá sọ ọ́ sí wa létí pé ọkọ òun ti ra rédíò ńlá kan, ó sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàn án.

A ká ẹní wa, ó di yàrá kejì.