Òróró Tí Mo Dà Nù

Lánàá, mo da òróró ólífì sórí tábìlì aládùúgbò mi níbí ní Spandau, lókè òkun. Ará Gíríìsì ni. Láti abúlé wọn, níbi tí igi ólífì ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, ni wọ́n ti ń fi agolo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí òórùn rẹ̀ ṣe gba imú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ kó o.

Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn yẹn, nílé wa. Ibà dá ìyá mi dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Àwọn ará ilé ní kí á gbé e lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní òróró ólífì tí wọ́n gbàdúrà sí ti tó.

“Gbé ìgò yẹn wá. Má dà á o!”

Mo dà á. Mo fi ọwọ́ kó o lórí ẹní, mo fi pa ìyá mi lẹ́sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó tutù, ọmọ mi.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó kú.

“Ìwọ lo da ìwòsàn ìyá rẹ nù,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń wí títí mo fi dàgbà. Nígbà tí ibà mú òun fúnra rẹ̀, ọsibítù ló sá lọ.

Aládùúgbò mi, ẹni tí mo lè bí lọ́mọ, fi búrẹ́dì nu tábìlì, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ má sunkún. Òróró ọbẹ̀ lásán ni.”